Òyìnbó ni àwọn ìyá inú kíláàsì àgbà wa ń fẹ́ kọ́, wọn kò fẹ́ Yorùbá: kí ni ká ti ṣe é?

Ọmọ Aláṣọ, Ìwó:

Mo kí gbogbo ilé. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, mo sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ àgbàlagbà ní ìwé rí pé kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti ń fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ náà.

Àwa márùn-ún ni a dá kíláàsì àgbà kan sílẹ̀ ní àdúgbò wa lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá. Ilé kéwú kan yọ̀ǹda yàrá fún wa, a sì ń pàdé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti ìgbà tí ọjà bá ti tú títí di ìrun Ìṣáì. Ìyá 27 ló forúkọ sílẹ̀: aláta, ẹlẹ́pà, alákàrà, àwọn tó ń ta òkìrìkà, àti aránṣọ méjì. Èyí tó kéré jù nínú wọn lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, èyí tó dàgbà jù sì ti ń lọ sí àádọ́rin. A bẹ̀rẹ̀ láti orí A B D, a kọjá sí ba be bẹ bi, inú wa sì ń dùn pé iṣẹ́ ń lọ. Kí oṣù kẹta tó pé, 27 ti di 11.

Mo bá lọ sí ìsọ̀ àwọn tó sá, mo ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní ọjà kò jẹ́ kí àwọn ráyè, àwọn kan ní ojú ń dun àwọn, ṣùgbọ́n ìyá kan tó ń ta ata gígún sọ tirẹ̀ fún mi láìfepobọyọ̀. Ó ní, “Yorùbá tí mo ti ń sọ kí wọ́n tó bí ìwọ, kí ni ẹ tún fẹ́ kọ́ mi nínú rẹ̀? Òyìnbó ni kí ẹ kọ́ mi, kí n lè mọ ohun tí bánkì ń kọ ránṣẹ́ sí mi, kí n sì yé gbé fóònù mi fún ọmọ ọlọ́mọ.”

Méjì nínú àwa olùkọ́ ti ní kí a pa Yorùbá tì, kí a gbé òyìnbó síwájú. Èmi gbà pé Yorùbá ni ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí àlàyé tí yóò wọ ìyá aláta létí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ti ṣe é? Ọ̀rọ̀ kejì tún wà, ó kéré sí ti àkọ́kọ́: àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí wọ́n ń kó wá ń pariwo débi pé a kì í gbọ́ ohùn ara wa. Ṣé kí a lé wọn ni?

Bàbá Tíṣà, Ìbàdàn:

Ẹ̀yin márààrún, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ìjà yín kì í ṣe tuntun. Mo wà lára àwọn tó ń kọ́ni ní kíláàsì alẹ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìpolongo ọlọ́dún mẹ́wàá dìde ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, ọjọ́ tí àjọ UNESCO ti yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà káríayé láti ọdún 1966. Wọ́n ní bí 1992 bá fi máa dé, a ó ti gbàgbé pé àgbàlagbà tí kò lè kàwé wà ní Nàìjíríà rí. 1992 dé, ó kọjá, ẹ̀yin náà sì ń wo ibi tí a wà.

Ohun tí mo rí nínú kíláàsì tèmi ni pé èdè kọ́ ló lé àwọn ènìyàn lọ. Ìwé tí wọ́n kó fún wa kún fún bí a ṣe ń ro etí ilé àti bí a ṣe ń san owó orí, ohun tí ẹni tó ti bímọ márùn-ún kò nílò kí ọmọdé tíṣà wá jókòó kọ́ òun. Owó tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ máa gbà a máa pẹ́ títí a ó fi gbàgbé iye tó jẹ́. Èyí tó wá burú jù ni pé bí ẹnì kan bá mọ̀ ọ́n kà tán, kò sí ohun tí yóò kà. Bí ọdún kan bá fi yípo, ẹ óò tún rí i ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó ń tẹ̀ka.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá ẹlẹ́kọ kan tú káàdì àjọ rẹ̀ láti etí ìró, ó ní kí n bá òun wò ó. Ẹ mọ káàdì náà: àpótí kékeré 31 fún ọjọ́ oṣù, alájọ yóò máa sàmì sí i bí ó bá ti ń gbowó, owó ọjọ́ kan nínú oṣù yóò sì jẹ́ tirẹ̀. Ìyá ní ọjọ́ 26 ni òun san, alájọ ní ọjọ́ 23 ni. Mo ti ìwé ìjọba sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo kọ “owó” sójú pátákó gàdàgbà, a sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́: wa, we, wẹ, wi, wo, wọ, wu. Lẹ́yìn náà ni mo kọ “òwò” sí abẹ́ rẹ̀, lẹ́tà kan náà, àmì ohùn nìkan ló yàtọ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ wò ó títí, ó ní, “Àṣé òwò lè wà kí owó má sí níbẹ̀.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn kọ́ wọn, n kò sì pàdánù ju ẹni mẹ́ta lọ títí ọdún náà fi parí. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé Paulo Freire, olùkọ́ ọmọ Brazil kan, ti ṣe ohun tó jọ ọ́ ní ìlú Angicos ní Brazil ní ọdún 1963, tí òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ fi nǹkan bí 40 wákàtí kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bíi 300 ní ìwé láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lẹ́nu lójoojúmọ́. Ba be bẹ bi ni tiwọn náà, ní èdè Potogí.

Ní ti èdè, ẹni tí kò mọ lẹ́tà, tí kò sì gbọ́ òyìnbó, ẹrù méjì ni ẹ ń dì rù ú lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí òyìnbó, nítorí pé bí ó bá pe lẹ́tà náà tán, kò ní mọ ohun tí ó pè. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀, àmì tó dúró fún un ló kù kí ó mọ̀. Lẹ́tà wa kò ju 25 lọ, bí a sì ṣe kọ ọ́ ni a ń pè é (àfi “an” àti “ọn” tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì yé tìtorí rẹ̀ bá ara wọn jiyàn). Òyìnbó ẹ̀wẹ̀ fi k síwájú “knife”, kò sì sí ẹni tó ń pè é. Ẹ rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní iṣẹ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fà, òyìnbó wà láàyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi òyìnbó kọ́, wọn kò gbẹ́yìn nínú òyìnbó pàápàá.

Ìyá aláta kò jẹ̀bi ṣá o. Ẹ sọ fún un pé Yorùbá ni àkàsọ̀, òyìnbó ló wà lórí àjà, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí yóò gun orí àjà náà fún un, nítorí ẹni tí a kò dá ọjọ́ fún yóò rò pé a kàn ń fi òun ṣeré ni. Ẹ sì wo ojú wọn. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, ohun tó sún mọ́ ọn kì í sábà hàn sí i kedere mọ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi rò pé orí ìyá kan ló le, kí n tó ṣàkíyèsí pé ó ń na ìwé jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni tó mú dígí dání. Awò ojú ló nílò.

Oní-POS, Òṣogbo:

Ẹ má bínú, Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ìdí ẹ̀rọ POS ni mo ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì sí ọjọ́ tí àwọn ìyá bíi mẹ́fà kò ní gbé fóònù fún mi pé, “Bá mi ka àlàátì yìí.” Èmi ni mo ń mọ iye tó kù nínú àpò wọn kí àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bí èmi bá jẹ́ ènìyàn burúkú ńkọ́? Ní oṣù tó kọjá, ẹnì kan ra àpò ìrẹsì méjì lọ́wọ́ ìyá kan ní iwájú ìsọ̀ mi, ó fi àlàátì ayédèrú ránṣẹ́ sí i, ó sì gbé ìrẹsì lọ. Fóònù ìyá dún, ó rí i pé wọ́n kọ nǹkan, ó sì gbà pé owó ti wọlé.

Òyìnbó ni wọ́n fi kọ àlàátì. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ bí a ṣe ń lo oògùn sí ara páálí. Ìjọba fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ìlànà ní ọdún 2022 pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tó di 2025 ó tún fagi lé e, òyìnbó ni wọ́n padà sí. Ta ni yóò wá ní kí ìyá aláta dúró oṣù mẹ́fà lórí “gb” kí ó tó mọ “Debit” (owó jáde) yàtọ̀ sí “Credit” (owó wọlé)? Ọ̀rọ̀ tó wà nínú àlàátì kò pé mẹ́wàá. Ẹ kọ́ wọn ní mẹ́wàá yẹn ná.

Bàbá Tíṣà, Ìbàdàn:

Dìde, ọmọ mi. Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ, pàápàá èyí tí o sọ nípa oṣù mẹ́fà, ó pẹ́ jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yẹ ọ̀rọ̀ ìrẹsì náà wò dáadáa. Àlàátì ayédèrú náà, ṣé wọn kò kọ “Credit” sí i ni? Wọ́n kọ ọ́, ó sì hàn ketekete. Ìyá tó bá há “Credit” sórí bí ẹni há àwòrán sórí, àlàátì ayédèrú yóò mú un bí ó ṣe mú èyí tí kò mọ̀ ọ́n rárá. Ohun tí ìbá gbà á ni kí ó lè ṣí àkáǹtì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó ka iye tó wà níbẹ̀ kí ọjà tó jáde àti iye tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ìṣirò nìyẹn. A máa ń gbàgbé rẹ̀ bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ìwé kíkà, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá ọjà gan-an ló ń ṣírò lórí ju àwa tíṣà lọ. Nọ́ńbà kíkọ nìkan ló kù fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó láti kọ́ wọn.

Àfáà Àgbà, Ìlọrin:

Àsàláámù àlékúmù. Mo ka ọ̀rọ̀ gbogbo yín, mo sì fẹ́ bi Ọmọ Aláṣọ ní ìbéèrè kan: nínú àwọn ìyá 27 yẹn, mélòó ló lè ka Àlùkùránì? Ní ìlú bí Ìwó, tí ó sì jẹ́ pé inú ilé kéwú ni ẹ ti ń kọ́ wọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn kì í ṣe díẹ̀. Ẹni tó bá lè ka Àlùkùránì ti mọ̀ pé àmì dúró fún ohùn, pé a ń so wọ́n pọ̀ di ọ̀rọ̀, àti pé àmì tíńtín tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ lẹ́tà lè yí ohùn rẹ̀ padà. Ẹ wo àmì ohùn Yorùbá lókè, ẹ wo àmì tó wà nísàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ. Ta ni ẹ tún fẹ́ kọ́ ní èyí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan? Kí àwọn míṣọ́nnárì tó mú lẹ́tà tiwọn dé ni àwọn àfáà ilẹ̀ wa ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní ànjẹ̀mí. Nítorí náà, ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá pe irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ní púrúǹtù.

Ẹ dán wọn wò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ẹni tó bá kéwú dé ibi kan kà á sókè, kí ẹ sì kọ lẹ́tà Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà Lárúbáwá tó bá a dọ́gba: b sí ẹ̀gbẹ́ bá’ù, d sí ẹ̀gbẹ́ dálì. Ibi kan ṣoṣo tí wọn yóò ti kọsẹ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé láti kékeré, ojú àti ọwọ́ wọn yóò sì fẹ́ máa gba ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fa ìlà pupa sí ọwọ́ òsì ìwé wọn, kí wọ́n mọ ibi tí wọn yóò ti máa gbéra.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ̀yin tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ti àwọn ọmọ tí ẹ fẹ́ lé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nílé, kí n tó bá ọkọ mi dé Peckham. Nígbà tí àwọn ìbejì mi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, èyí tó jẹ́ Táíwò ló ń ka lẹ́tà tí ilé ìwé bá fi ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Ó ti lé ní ọdún kan kí n tó mọ̀ pé ó máa ń fo gbogbo ibi tí tíṣà bá ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí.

Ilé ìwé náà ló pe àwa òbí sí ẹ̀kọ́ ìdílé. Irú rẹ̀ gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti àárín ọdún 1990 sí 1999, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì pín in sí: àwọn òbí yóò kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú olùkọ́ tiwọn, àwọn ọmọ yóò wà ní yàrá mìíràn pẹ̀lú ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà ni tọmọ tòbí yóò jọ pàdé ṣe nǹkan kan pa pọ̀. Apá àkọ́kọ́ yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìyá kò ní lè ya ẹnu pe “b” bí ọmọ rẹ̀ bá ń wò ó, tí ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ojú yóò tì í, kò ní padà wá. Nítorí náà, ẹ má lé wọn, ẹ wá yàrá kejì tàbí abẹ́ igi kan, kí ẹnì kan nínú ẹ̀yin márààrún máa bá wọn ṣeré ìwé níbẹ̀.

Ní ìparí, ẹ kó wọn pọ̀. Nǹkan tí wọ́n ní kí èmi ṣe ni pé kí n pa àlọ́ kan, Táíwò ń kọ ọ́ sílẹ̀, Kẹ́hìndé ń ya àwòrán ìjàpá, a sì fi òwú rán an ní ẹ̀yìn bí ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni, nítorí náà nígbà tí mo fẹ́ kà á, mo ti mọ ohun tó wà níwájú kí ojú mi tó débẹ̀. Ìwé tí mo kọ́kọ́ kà tán ní ayé mi nìyẹn, mo ṣì ní in nínú àpótí. Èyí lè jẹ́ ìdáhùn sí ohun tí Bàbá Tíṣà sọ pé kò sí ohun kíkà. Ìyá ìyá mi kò wọ ilé ìwé rí, ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ìwé, ó sì ń ka Sáàmù bí ẹni ń mumi títí ó fi kú, torí pé Bíbélì Yorùbá kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ lójúmọ́ kan.

Ọmọ Aláṣọ, Ìwó:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́ kí n lè ní ohun tí n ó sọ.

Mo ka ọ̀rọ̀ yín sókè fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, a sì gbà pé Yorùbá ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, pé ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò wa yóò jẹ́ ti nọ́ńbà àti fóònù láti ọjọ́ kìn-ín-ní, àti pé òyìnbó gidi yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin. A kọ déètì rẹ̀ sí ara ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fẹ́ òyìnbó kò gbà, ó ti fi wá sílẹ̀. Àfáà, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ẹ sọ, ojú sì tì mí: nínú àwọn 11, méje ló ń ka Àlùkùránì, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta ni a fi ń kọ́ wọn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìlà pupa ti wà nínú ìwé gbogbo wọn báyìí.

A ní kí olúkúlùkù mú ohun tó bá ń wù ú láti kà wá. Káàdì àjọ ló pọ̀ jù. Ẹnì kan mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ẹnì kan mú páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá tó dàgbà jù mú ìwé ilẹ̀ kan tó ti gbó, tó ti ya sí mẹ́rin, ó ní òun ti tẹ̀ka sí i láti ìgbà tí ọkọ òun wà láyé, òun sì fẹ́ mọ ohun tí òun tẹ̀ka sí. A kò tíì kà á fún un. Ó ní a kò gbọdọ̀ kà á fún òun.

Awò ojú mẹ́fà ni owó wa ká, wọ́n ń pín in lò. Àwọn ọmọ wà ní ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin, ariwo ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti dín kù.

Ìyá aláta kò tíì wọlé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ó yà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé igbá rẹ̀ lérí, ó yọjú wò wá, ó ní, “Ṣé ẹ ti dé orí fóònù?” Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni. Ó ní òun yóò ti ṣáájì tòun wá.